Àwọn Obìnrin Kamẹrúùnù Tí Wọ́n Fi Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Jà

Ní Yassa, ní ẹ̀bá ìlú Douala, lójú ọ̀nà tí ó lọ sí Edéa àti Yaoundé, ilé ìwòsàn ìjọba ńlá kan wà fún àwọn aboyún àti àwọn ọmọdé. Lójú ọ̀pọ̀ àwọn tí ń bímọ níbẹ̀ lónìí, ohun tí ó yẹ kí ìjọba ṣe náà ni ó ṣe. Ṣùgbọ́n ìgbà kan wà ní ilẹ̀ náà tí ó jẹ́ pé kí obìnrin béèrè ilé ìgbẹ̀bí di ọ̀ràn ìṣèlú, tí ìwé rẹ̀ sì ní láti rékọjá òkun dé New York kí ó tó rí ẹni tí yóò kà á.

Ìjà àwọn obìnrin Douala ti pẹ́. Lẹ́yìn tí Jámánì pàdánù Kamẹrúùnù nínú ogun 1914 sí 1918, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì pín in láàárín ara wọn. Douala sì bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ní oṣù Keje ọdún 1931, àwọn obìnrin ìlú náà tú síta láti sọ pé àwọn kò lè san owó-orí tí ìjọba ń bù fún obìnrin. Ìbọn ni a fi dá wọn lóhùn, àwọn kan nínú wọn sì fara gbọgbẹ́. Ọ̀ràn yìí kò ṣàjèjì sí àwọn ará Nàìjíríà. Ọdún méjì péré ṣáájú rẹ̀, ní 1929, ni ogun àwọn obìnrin Aba ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ó sì di 1947, àwọn obìnrin Abẹ́òkúta, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú wọn, dìde sí owó-orí kan náà, títí Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fi kúrò lórí oyè ní oṣù Kìíní ọdún 1949.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ọ̀nà tuntun kan ṣí sílẹ̀ fún àwọn ará Kamẹrúùnù. Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé fi ilẹ̀ náà sí abẹ́ àmójútó ara rẹ̀, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì sì di aṣojú tí ó gbọ́dọ̀ jíhìn. Òfin àjọ náà fún ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ láyè láti kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ tààrà sí Ìgbìmọ̀ Alámòójútó ní New York. Ẹgbẹ́ òṣèlú UPC, tí a dá sílẹ̀ ní Douala ní 1948, ń béèrè òmìnira àti ìṣọ̀kan Kamẹrúùnù. Ní 1952 ni àwọn obìnrin dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí UDEFEC. Lára àwọn aṣáájú rẹ̀ ni Marie-Irène Ngapeth Biyong, Gertrude Omog àti Marthe Moumié.

Ohun ìjà àwọn obìnrin wọ̀nyí ni kálàmù. Àwọn tí kò mọ̀wé a máa sọ, àwọn tí ó mọ̀wé a sì máa kọ. Wọ́n kọ̀wé nípa owó tí a ń gbà lọ́wọ́ àwọn tí ń tajà lọ́jà, nípa ilé ìwòsàn tí kò tó, nípa bí a ti ń tọ́jú àwọn aboyún, àti nípa ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wọn. Nínú ìwé kan náà ni wọ́n ti ń béèrè òmìnira. Èyí ni ọgbọ́n wọn: wọ́n rí i pé ìyà tí ń jẹ obìnrin nínú ilé àti ìyà tí ń jẹ orílẹ̀-èdè kò yàtọ̀ sí ara wọn. Àwọn àgbà sì ti wí pé ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1955, rúkèrúdò bẹ́ sílẹ̀ ní Douala àti ní ìlú mìíràn. Ní ọjọ́ 13 oṣù Keje, Faransé fi òfin de UPC àti UDEFEC pa pọ̀. Síbẹ̀ ìwé kò dáwọ́ dúró. Ìròyìn àwọn tí a mú àti ilé tí a jó ni ó kún inú wọn báyìí. Marthe Moumié bá ọkọ rẹ̀, Félix Moumié, lọ sí ìgbèkùn ní 1957. A fún ọkọ rẹ̀ ní májèlé jẹ ní Geneva, ó sì kú ní oṣù Kọkànlá ọdún 1960. Nígbà tí obìnrin náà padà dé ilẹ̀ rẹ̀, ẹ̀wọ̀n ni ó bá pàdé. Ó kọ ìtàn ayé rẹ̀ sínú ìwé kí ó tó kú ní 2009.

A kò gbọ́dọ̀ sọ ju bí ó ti rí lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé ẹ̀bẹ̀ náà kò rí ìdáhùn tí ó tẹ́ni lọ́rùn, òmìnira ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1960 kò sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí ìwé wọ̀nyí, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé àwọn obìnrin Kamẹrúùnù kò ráhùn, tàbí pé wọn kò mọ ẹ̀tọ́ wọn.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1991, ìjọba Kamẹrúùnù ṣe òfin láti dá ọlá padà fún àwọn ènìyàn pàtàkì nínú ìtàn ilẹ̀ náà. Mẹ́rin ni orúkọ tí ó wà nínú rẹ̀: Um Nyobè, Moumié, Ouandié àti Ahidjo. Ọkùnrin ni gbogbo wọn. Òwe Yorùbá sọ pé bí ọkùnrin bá rí ejò, tí obìnrin pa á, kí ejò sáà má ti lọ ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí ejò bá ti kú tán, tí a wá ń ka orúkọ àwọn tí ó pa á, ó yẹ kí a ka ti obìnrin mọ́ ọn. Kì í ṣe Kamẹrúùnù nìkan ni gbèsè yìí wà lọ́rùn rẹ̀. Gbogbo orílẹ̀-èdè tí obìnrin bá gbà là ni ó jẹ ẹ́, inú ìwé ìtàn àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sì ni ó ti yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ sí san án.