Ilé Àwọn Ajẹ́jẹ̀ẹ́ ti Benedict: Bí Ìlànà Ti Kọ́ Ilé

Bí ènìyàn bá wọ inú ilé kan, tí ó sì wo bí a ti to yàrá rẹ̀, kò ní pẹ́ kí ó tó mọ ohun tí onílé kà sí pàtàkì. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a jùmọ̀ wo ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ tí ń tẹ̀lé Benedict ní Yúróòpù láyé àtijọ́.

Ní nǹkan bí ọdún 529 ni Benedict tẹ ilé rẹ̀ dó sí orí òkè Monte Cassino ní Ítálì. Ìwé Ìlànà tí ó kọ fún àwọn ará ní orí 73, ṣùgbọ́n kò ya àwòrán ilé kankan sínú rẹ̀. Ní orí 66 ni ó ti pàṣẹ pé, bí ó bá ṣe é ṣe, kí omi, ilé ìlọkà, ọgbà àti oríṣiríṣi iṣẹ́ ọwọ́ wà nínú odi ilé náà, kí àwọn ará má baà máa rìn kiri lóde, nítorí pé èyí kò ṣàǹfààní fún ọkàn wọn. Láti inú àṣẹ yìí ni ètò ilé náà ti hù jáde.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú àwòrán kan tí a yà ní erékùṣù Reichenau láàárín nǹkan bí ọdún 820 sí 830, tí a sì fi ránṣẹ́ sí Gozbert, ábọ́tì, èyíinì ni baba ilé, ní St. Gall ní ilẹ̀ Switzerland. Orí awọ tí a rán pọ̀ ni a yà á sí, ó sì wà nínú ilé ìkówèésí St. Gall títí di òní. Ṣọ́ọ̀ṣì ni ó ga jù nínú rẹ̀. Ní gúúsù ṣọ́ọ̀ṣì ni àgbàlá onígun mẹ́rin wà, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí ká. Ní ìlà-oòrùn àgbàlá ni yàrá ìyáná wà, ibùsùn àwọn ará sì wà lókè rẹ̀. Ní gúúsù ni ilé ìjẹun. Ní ìwọ̀-oòrùn ni ibi ìpamọ́ ọtí wáìnì àti oúnjẹ. Bí ará kan ti ń lọ síbi oúnjẹ tàbí síbi àdúrà, abẹ́ òrùlé kan náà ni ó ń gbà.

Lẹ́yìn àgbàlá yìí ni a rí ilé àwọn aláìsàn, ọgbà ewé oògùn, ilé-ẹ̀kọ́, ilé ìlọkà àti ilé búrẹ́dì. Ilé àlejò ọlọ́lá wà lọ́tọ̀, ti tálákà àti arìnrìn-àjò ìsìn sì wà lọ́tọ̀. Ní ibi ìsìnkú, igi eléso ni a tò sí àárín àwọn ibojì. A kò kọ́ ilé kan gẹ́lẹ́ bí àwòrán náà ti rí, síbẹ̀ irú àgbàlá yìí tàn ká gbogbo ilẹ̀ náà.

Lẹ́yìn náà ni ọrọ̀ dé. Ní ọdún 910, William, olórí Aquitaine, dá ilé Cluny sílẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé. Ẹ̀bùn ń wọlé, ìsìn ń gùn sí i, iṣẹ́ ọwọ́ sì ń dínkù. Ní ọdún 1088, Hugh, ábọ́tì wọn, bẹ̀rẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kẹta níbẹ̀, tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí mítà 187. Kò pẹ́ tí àwọn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí béèrè bóyá Ìlànà ni ó ṣì ń kọ́ ilé. Ní ọdún 1098, Robert ti Molesme kó àwọn ará díẹ̀ lọ sí aginjù Cîteaux, kí wọ́n lè pa Ìlànà náà mọ́ ní kíkún. Wọ́n kọ ọ̀ṣọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò kọ àgbàlá onígun mẹ́rin sílẹ̀, nítorí pé wọ́n rí i pé ó wúlò.

Lẹ́yìn ìyípadà ìjọba Faransé ti ọdún 1789, a ta Cluny, a sì ń fi òkúta rẹ̀ kọ́ ilé mìíràn. Apá kékeré ni ó kù lónìí. Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ń mọ ilé, ìbáà ṣe ti ìdílé, ìbáà ṣe ti ìjọ, kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ilé náà wà fún, kí ó tó béèrè bí yóò ti tóbi tó.