Kí Olùgbani-nímọ̀ràn Má Dẹ́kun Ẹ̀kọ́
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn olùgbani-nímọ̀ràn ilé òrìṣà sọ, Peckham)

 

Ọmọ kan tó ń jẹ́ orúkọ wa ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀: Olaseni Lewis. Ọmọ ọdún 23 ni nígbà tí ọkàn rẹ̀ dàrú ní 2010. Ó wà ní Bethlem Royal Hospital, gúúsù Lọ́ńdọ̀nù níbí, kí wọ́n lè tọ́jú rẹ̀. Ọlọ́pàá 11 ló dì í mọ́lẹ̀. Ó dákú, kò sì jí mọ́ títí ó fi kú. Ní 2017, ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ọ̀ràn ikú rẹ̀ ní agbára tí wọ́n lò pọ̀ jù. Àwọn òbí rẹ̀ kò sinmi. Ní 2018, òfin tí a ń pè ní Seni's Law jáde. Ó ní kí a kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ọpọlọ nípa ọgbẹ́ ọkàn àti bí a kò ṣe ní ṣe ojúsàájú, kí a sì máa tún ẹ̀kọ́ náà ṣe lóòrèkóòrè.

Òfin yẹn kò dárúkọ ilé òrìṣà. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ta ni ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ń kọ́kọ́ sá sí? Ọ̀dọ̀ wa ni.

Èkíní, ọgbẹ́ ọkàn. Ẹni tí wọ́n ti dì mọ́lẹ̀ rí, bó bá rí ilẹ̀kùn tí a tì, àyà rẹ̀ á já. Kì í ṣe àfojúdi. Ẹ bi í léèrè kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ má sì sọ fún ẹnikẹ́ni kó pa oògùn dókítà tì. Ifá àti dókítà kì í ṣe orogún.

Èkejì, àwọn abirùn. Ẹni òrìṣà là ń pè wọ́n, Ọbàtálá ló ni wọ́n. Síbẹ̀ a ń béèrè pé, "Kí ló ṣe?" Èmi náà jẹ̀bi. Ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀ tí kò lè rìn wá; mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀tá tó ṣe é, n kò béèrè bóyá ìyá náà ti sùn láti ìjẹta. Kò padà wá mọ́. Ó ń dùn mí dòní.

Ẹ̀kẹta, àárẹ̀ tiwa. Bí fóònù bá dún lóru, tí inú ń bí ọ sí ẹni tó ń sunkún, ìwà burúkú kọ́, àárẹ̀ ló dé. Àmù tó gbẹ kò lè fún àlejò lómi. Ẹ sọ ọ́ síta, kí ẹlòmíràn gba fóònù náà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Àbá mi nìyí: ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, ká jókòó, ká sọ ohun tó wúwo lọ́kàn wa láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ ìlera ọpọlọ sì wá kọ́ wa. Babaláwo kì í kọ́ Ifá tán. Iṣẹ́ etí gbígbọ́ náà rí bẹ́ẹ̀.

Orí wa á gbè wá o. Àṣẹ.