Òsì, Ìlọfà àti Ohun Kékeré Inú Rédíò

(Ìró rédíò tí ẹnì kan ń yí kiri, ohùn ń gorí ohùn, kó tó dúró sójú kan.)

ATỌ́KÙN: Ẹ̀yin ará Òsì, ẹ̀yin ará Ìlọfà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lóko, tànsísítọ̀, ohun kékeré kan nínú rédíò, ló gbé ohùn yìí dé etí yín.

Oṣù Kejìlá ọdún 1947 ni John Bardeen àti Walter Brattain ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Bell ní New Jersey, l'Amẹ́ríkà. William Shockley, ọ̀gá wọn, sì ronú kan irú mìíràn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1956.

Kó tó dé, gíláàsì tí wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde ló ń ṣiṣẹ́ náà. Ó gbọ́dọ̀ gbóná ná. Ìlú tí kò ní iná, bátìrì ńlá olówó gọbọi ni wọn yóò rà sí i. Rédíò àpò alátànsísítọ̀ tó kọ́kọ́ dé ọjà, Regency ọdún 1954, tànsísítọ̀ mẹ́rin péré ló ní. Rédíò wá di ohun tí àgbẹ̀ ń gbé kọ́ èjìká lọ sóko.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní. Iná ńlá ń gba ẹsẹ̀ kan bọ́ sí èkejì. Iná tín-ín-rín tó wọ ẹsẹ̀ kẹta ló ń pinnu bóyá yóò kọjá, àti ìwọ̀n tó máa kọjá. Nínú rédíò, àmì ohùn tí éríà gbà wọlé ni iná tín-ín-rín yẹn, bátìrì ló ni iná ńlá. Bí ohùn ṣe ń lọ sókè sódò ló ń darí iná bátìrì, títí tí àwa náà yóò fi gbọ́ ọ. Kọ̀ǹpútà ò tilẹ̀ béèrè tó bẹ́ẹ̀: kó ṣí, kó tì. Ṣíṣí dúró fún oókan, títì dúró fún òdo, ìṣirò bẹ̀rẹ̀.

(Ìró àáké kékeré lára igi.)

Kí ẹ lè lóye bí wọ́n ṣe ń kó ọ̀pọ̀ tànsísítọ̀ jọ, ẹ rántí Àreògún, gbẹ́nàgbẹ́nà Òsì tó kú ní 1954. Igi kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń gbẹ́ ère ẹ̀pà tí wọ́n ń gbé sórí jó lágbègbè wa: ẹlẹ́ṣin, ìyàwó, onílù, gbogbo wọn wà lára ìtì kan náà, ẹnikẹ́ni ò kàn wọ́n mọ́ra. Ohun tí Jack Kilby bẹ̀rẹ̀ ní 1958, tí Robert Noyce sì tún ṣe dáadáa ní 1959, nìyẹn: Kilby fi tànsísítọ̀ àti àwọn ẹ̀yà mìíràn sára ègé kan ṣoṣo, Noyce sì sọ wáyà wọn náà di ara ègé yẹn. Ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń ya àwòrán sórí ègé sílíkọ́ọ̀nù tí wọ́n ń pè ní ṣíìpù, kẹ́míkà a sì jẹ ibi tí wọn ò fẹ́ kúrò. Ṣíìpù Intel ọdún 1971 ní tànsísítọ̀ bí 2,300. Ṣíìpù fóònù Apple ọdún 2020 ní bílíọ̀nù 11.8.

Ẹni tó ń tún rédíò àtijọ́ ṣe lè yọ́ lẹ́ẹ̀dì, kó yọ tànsísítọ̀ kan tó bàjẹ́. Ti fóònù kò rí bẹ́ẹ̀: odindi ṣíìpù ló máa pààrọ̀, bó bá rí i rà. Èmi ò ka ìyẹn sí ìlọsíwájú pátápátá.

Bí tànsísítọ̀ ṣe ń kéré sí i sì ti ń dé òpin. Ìdènà inú rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ débi pé iná ń jò kọjá nígbà tó yẹ kó tì pa. Ní 2011, Intel kéde pé àwọn yóò gbé ọ̀nà tí iná ń gbà nínú rẹ̀ nàró dípò kó sùn sílẹ̀, kí wọ́n lè há iná náà mọ́ láti ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta. Àwọn mìíràn ti ń to ṣíìpù léra. Bí ẹni tó ń ta fóònù bá sì sọ fún yín pé "nánómítà mẹ́ta", ìyẹn ìwọ̀n gígùn tó kéré gan-an, ni ṣíìpù tòun, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn mú yín fowó kún un: orúkọ ọjà ni, kò sí ohun tó gùn tó bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ tí wọ́n wọ̀n nínú rẹ̀.