Ohun Tí Ọmọdé Lè Kọ́ Létí Òkun Àgbádárìgì

Ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí, ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń kó ọmọ lọ sí etí òkun. Púpọ̀ nínú ìrìn-àjò yìí, ìrẹsì, orin àti fọ́tò ni. Ọmọ á jẹun, á jó, á sùn nínú bọ́ọ̀sì títí dé ilé. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn, eré ń ṣe ọmọ lóore. Àwọn tó ń bí mi nínú ni àwọn tó fẹ́ kí a mọ̀ pé ìwé ni àwọn bá lọ. Kí ọmọ tó sọ̀kalẹ̀, wọ́n á ti pín bébà: ìbéèrè Ìṣirò márùn-ún, ti Sáyẹ́ǹsì márùn-ún, ti Gẹ̀ẹ́sì márùn-ún. Ọmọ á dorí kodò sínú bébà, á kọ ẹ̀yìn sí òkun.

Ìmọ̀ràn tèmi kò gùn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ bèèrè ọ̀rọ̀ kan, kí ẹ sì bá a tọ ọ̀rọ̀ náà dé ibi tó bá forí tì sí. Bó bá dé ibi tí a ti nílò ìṣirò, kí a ṣírò. Bó bá dé inú ìtàn, kí a pìtàn.

Ẹ wo ọmọ tó bá ọkọ̀ ojú omi sọdá ọ̀sà Àgbádárìgì, tó rìn kọjá láàárín igi àgbọn dé etí òkun. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa ìkarahun kan, ó ní: “Àǹtí, ṣé owó ayé àtijọ́ nìyí?” Àǹtí á ní bẹ́ẹ̀ ni, á kọjá. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìdáhùn rẹ̀, inú bẹ́ẹ̀ kọ́ yẹn sì ni gbogbo ẹ̀kọ́ wà. Irú owó ẹyọ tí àwọn baba ńlá wa ná kì í gbé inú òkun tiwa. Erékùṣù Maldives, nínú Òkun Íńdíà, ni wọ́n ti ń kó o. Ọkọ̀ àwọn Òyìnbó a gbé e lọ sí Amsterdam àti London, kó tó wá gúnlẹ̀ sí etíkun wa. Ẹ fún ọmọ ní máàpù kí ó fi ìka tọ ọ̀nà náà. Á rí i pé owó náà gba ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà kọjá lọ sí Yúróòpù kó tó dọ́wọ́ ìyá aláta.

Ẹ wá kà á. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Okùn 50 jẹ́ 2,000. Ìdì mẹ́wàá irú rẹ̀ jẹ́ 20,000, ìyẹn ọ̀kẹ́ kan. Ká ní ẹyọ kan wọn gíráàmù kan péré, ọ̀kẹ́ kan á wọn kílò 20. Ta ni yóò rù ú dé Ìbàdàn, kí sì ni wọn yóò fi san owó iṣẹ́ rẹ̀? Ọmọ tí kò fẹ́ràn ìlọ́po nínú kíláàsì á jókòó lórí yanrìn, á máa ṣírò bí owó alárù ṣe ń jẹ owó tó rù. Ní ọ̀rúndún 19, àwọn oníṣòwò Jámánì láti Hamburg bẹ̀rẹ̀ sí kó ẹyọ mìíràn wá láti Zanzibar, èyí tó tóbi jù, tó sì rọjú. Ẹyọ pọ̀ lọ súà, ọjà sì gbówó lórí. Ẹ kò ní pẹ́ ṣàlàyé èyí. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń rán lọ ra gaàrí ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Bí ọmọ bá wá bèèrè ohun tí wọ́n fi ẹyọ rà, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń le. Ẹyọ yìí kan náà wà nínú ohun tí wọ́n fi ra ènìyàn. Láti ọjà ẹrú Vlekete ní Àgbádárìgì, wọ́n ń kó wọn sọdá ọ̀sà sí Gbẹ̀rẹ̀fù létí òkun, níbi tí ọkọ̀ ti ń dúró dè wọ́n. Ọmọ kan á bèèrè pé ta ló tà wọ́n. Mo ti gbọ́ olùkọ́ tó dáhùn pé Òyìnbó ló wá jí wọn gbé. Irọ́ ni. Òyìnbó ló rà wọ́n, ó sì jẹ èrè tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọba, jagunjagun àti oníṣòwò tiwa ló tà wọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè gbọ́ ọ. Ẹ sọ ti Àjàyí Crowther fún un, tí wọ́n mú lẹ́rú ní Òṣogùn lọ́dún 1821 nígbà tó ṣì wà lọ́mọdé, tí wọ́n kó sínú ọkọ̀ Potogí ní Èkó lọ́dún 1822, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà sílẹ̀. Lọ́dún 1845 ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì yìí, ó ti di àlùfáà. Nígbà tó dé Abẹ́òkúta lọ́dún kejì, ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé, wọ́n sì fojú kan ara wọn.

Ẹ jẹ́ ká fi ìkarahun sílẹ̀, ká bu yanrìn. Bí ẹ bá kọjú sí òkun, ìwọ̀-oòrùn wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín. Ẹ wo ìgbì dáadáa: kì í kọ lu ilẹ̀ gbọnrangandan, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló máa ń gbà wá, á sì máa ti yanrìn lọ sí ìlà-oòrùn díẹ̀díẹ̀. Kí àgbàlagbà kan ri pákó pẹlẹbẹ mọ́ ibi tí omi ti ń fọ ẹsẹ̀, kí orí rẹ̀ kan kọjú sí òkun. Ẹ lọ jẹ ìrẹsì yín. Nígbà tí ẹ bá padà, yanrìn á ti ga lápá ọ̀tún pákó, apá òsì á ti jìn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Èkó gan-an nìyẹn. Yanrìn dí ẹnu ọ̀nà omi tó wọ ìlú, ọkọ̀ ńlá kò rí ibẹ̀ gbà. Lọ́dún 1908 ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ògiri òkúta wọ inú òkun. Ọkọ̀ rọ́nà wọlé. Ṣùgbọ́n yanrìn ń pọ̀ sí i lápá ìwọ̀-oòrùn ògiri náà, òkun sì ń jẹ Bar Beach ní Victoria Island lápá kejì. Wọ́n da yanrìn síbẹ̀ títí, òkun ń gbé e lọ, kó tó di pé wọ́n kọ́ ògiri mìíràn tí wọ́n sì ń tẹ ìlú Eko Atlantic dó sórí ilẹ̀ tí wọ́n gbà padà lọ́wọ́ omi. Ọmọ tó ti wo pákó náà kò nílò kí ẹnikẹ́ni ka èyí sí i létí.

Iyọ̀ ńkọ́? Ẹ bu lítà omi òkun kan lọ sílé, kí ẹ sè é gbẹ: ó yẹ kí ó ku bíi gíráàmù 35. Ẹ bu omi ọ̀sà náà, kí ẹ fi wéra. Ẹ ṣọ́ òkun pẹ̀lú: ó ń kún lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ó sì ń fi bíi ìṣẹ́jú 50 pẹ́ sí ti àná, nítorí òṣùpá. Ìyẹn tó.

Èdè wo ni ẹ ó fi sọ gbogbo èyí? Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà tó jẹ́ ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ọmọ tí ẹ bá sọ fún pé kó má sọ Yorùbá létí òkun, ìbéèrè rẹ̀ á kú sí i lẹ́nu. (Ní Àgbádárìgì, Ègùn ni èdè ilé fún ọ̀pọ̀ ọmọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi bèèrè.)

Mo bẹ̀ yín, òkun wa kì í ṣe odò ìlúwẹ̀ẹ́. Ó ní ìṣàn omi tó lè fa àgbàlagbà lọ. Kí omi má kọjá ọrùn ẹsẹ̀ ọmọ, kí àwọn olùkọ́ kan sì wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n kọjú sí omi, láìdi fóònù mú.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ẹ má ṣe ní kí wọ́n kọ “Ìrìn-àjò Mi sí Etí Òkun”. Gbogbo wọn á jí ní kùtùkùtù, gbogbo wọn á wẹ̀, gbogbo wọn á gbádùn ara wọn. Ẹ ní kí wọ́n kọ lẹ́tà sí ìjọba lórí ògiri òkúta ẹnu ọ̀nà omi Èkó. Ẹni tó bá sì ní kí wọ́n wó o, ẹ bi í léèrè ibi tí ọkọ̀ yóò gbà dé èbúté Àpápá.