Ọmọ Ogun Inú Ara: Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìfilọ́lẹ̀ ẹgbẹ́ wa ní Trikania, Kàdúná

Oníṣòwò ni wá, ìwé mẹ́fà ni a kà, a kì í ṣe dókítà. Ohun tí a bi àwọn onímọ̀ léèrè tó sì yé wa ni a ó sọ.

Ara èèyàn ní ọmọ ogun tirẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Bí àrùn bá wọlé, àwọn ló ń bá a jà. Àwọn àgbà ní ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára nìyẹn: ó ń fi àpẹẹrẹ ọ̀tá han ara kí ọ̀tá gan-an tó dé. Ọgbọ́n yìí ló lé ìgbóná kúrò ní Nàìjíríà lọ́dún 1970. Lọ́dún 1980, wọ́n kéde pé ó ti tán láyé.

Ẹ wo BCG tí wọ́n ń gún ọmọ tuntun lápá. Nítorí ikọ́ ife ni wọ́n ṣe é. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti kọ́kọ́ fún ọmọ lọ́dún 1921. Lọ́dún 1976, Dókítà Alvaro Morales ní Kánádà kọ ọ́ síta pé òun fi BCG kan náà tọ́jú jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń dà á sínú àpò ìtọ̀. Ọmọ ogun ara á sáré débẹ̀, wọ́n á sì kọjú ìjà sí jẹjẹrẹ náà. Títí dòní ni wọ́n ń lò ó fún èyí tí kò tíì jinlẹ̀, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Lọ́dún 2003, nígbà tí wọ́n dá oògùn rọpárọsẹ̀ dúró ní Kánò, Zamfara àti Kàdúná níhìn-ín, nítorí àhesọ pé kò ní jẹ́ kí ọmọ bímọ lọ́la, àwa náà gba àhesọ náà gbọ́. Ọlọ́run ló yọ àwọn ọmọ wa. Àrùn náà ràn láti àríwá yìí dé orílẹ̀-èdè mìíràn, ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ sì rọ.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ wa nìyí. Bí a bá ti bímọ ní ojúlé yín, ẹ gbé e lọ gba àjẹsára; ọ̀fẹ́ ni nílé ìwòsàn ìjọba. Ẹni tó bá sì rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀, kó má fi agbo tan ara rẹ̀ jẹ, kó tètè rí dókítà.

Ọlọ́run á gbé ẹgbẹ́ wa ga.