Owó Ìyípadà Tíkẹ́ẹ̀tì: Kí Lẹ̀ Ń San Gan-an?

Ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ló délẹ̀ lónìí. Físà ò tètè jáde, tàbí wọ́n sún ọjọ́ ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n yín, ẹ ní kẹ́ ẹ yí ọjọ́ ìrìnàjò padà, ni wọ́n bá bu owó gọbọi lé yín.

Owó méjì ló wà nínú ẹ̀. Change fee jẹ́ owó ìtanràn tí wọ́n ń gbà torí pé ẹ yí ọjọ́ padà. Fare difference ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín iye tí ẹ san àti iye tí wọ́n ń ta àyè ní ọjọ́ tuntun. Ká ní ẹ wà ní London, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì Èkó ní 600 pọ́ùn fún oṣù kọkànlá, ẹ wá sún un sí ọ̀sẹ̀ Kérésì, tó ti di 950. Bí change fee bá jẹ́ 100, ẹ máa san 450. Ṣé ẹ rí ibi tí owó gidi wà? Torí ẹ̀ ni mo ṣe máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá rí "no change fee" nínú ìpolówó. Òótọ́ ni, àmọ́ 350 yẹn ṣì ń dúró dè yín.

Ibi tí ìrìnàjò ti bẹ̀rẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Ní 2020, lásìkò Kòrónà, Delta fagi lé change fee lórí ìrìnàjò òkè òkun tó bá bẹ̀rẹ̀ láti Àríwá Amẹ́ríkà, yàtọ̀ sí tíkẹ́ẹ̀tì tó rẹlẹ̀ jù. Ẹni tó gbéra ní Atlanta wá sí Èkó lè bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹni tó gbéra ní Èkó gbọ́dọ̀ ka òfin tíkẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ dáadáa. Bàálù kan náà o!

Òfin Amẹ́ríkà tún wà: tó bá ku ọjọ́ méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí bàálù gbéra, iléeṣẹ́ bàálù gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹ di àyè mú fún wákàtí 24 láìsanwó, tàbí kí ẹ fagi lé e láàárín wákàtí 24, kí wọ́n dá gbogbo owó padà. Àmọ́ ọwọ́ iléeṣẹ́ fúnra ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti rà á. Òfin yẹn ò de éjẹ́ńtì, ọ̀pọ̀ wọn sì máa ń fi owó tiwọn lé e. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ síta lọ́kọ̀ọ̀kan lórí WhatsApp: ìtanràn, ìyàtọ̀ owó, owó iṣẹ́.

Bí ẹ bá sì mọ̀ pé ẹ ò ní lọ, ẹ pè wọ́n kí bàálù tó gbéra. Tí ẹ bá kàn dákẹ́, wọ́n á kọ no-show, wọ́n sì lè fagi lé ti àbọ̀ mọ́ ọn.