Ojú Tí Ń Ṣọ́ Òkun Dídì

Bí Yorùbá bá dárúkọ yìnyín, ohun tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ni èyí tí ń bá òjò rọ̀, tí àwọn ọmọdé ń sáré ṣà jẹ kí ó tó yọ́. Yìnyín tí ìjíròrò òní dá lé lórí kì í rọ̀ láti òkè. Omi òkun fúnra rẹ̀ ni ó ń dì, ní ìpẹ̀kun ayé níhà àríwá àti níhà gúúsù, níbi tí òkùnkùn ti ń ṣú fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ nígbà òtútù.

Ohun ìyanu ni pé láàrin yìnyín yìí, nígbà tí òtútù mú jù lọ pàápàá, àlàfo omi ńlá lè wà tí kò dì. Ọ̀rọ̀ àwọn ará Rọ́ṣíà ni àwọn onímọ̀ ń lò fún un: polynya. Kí ni ó ń fà á? Ọ̀nà méjì pàtàkì ni. Lọ́nà kìíní, ẹ̀fúùfù líle láti orí ilẹ̀ a máa ti yìnyín kúrò létí òkun. Bí òmíràn ti ń dì ni ẹ̀fúùfù tún ń gbá a lọ. Lọ́nà kejì, omi ìsàlẹ̀ òkun tí ó lọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀ a máa rú sókè, a sì yọ́ yìnyín láti abẹ́.

Ẹnìkan lè béèrè pé, kí ni ó kan aráyé nínú àlàfo omi tí ó wà níbi tí ènìyàn kì í gbé? Ìdáhùn wà nínú iyọ̀. Nígbà tí omi òkun bá tutù tó nǹkan bí dígírì 1.8 sísàlẹ̀ òdo, a bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Bí ó sì ti ń dì, ó ń ti iyọ̀ inú rẹ̀ jáde. Omi tí ó gba iyọ̀ náà a wúwo, a sì rì. Ní àyíká ilẹ̀ Àǹtátíìkà, irú omi bẹ́ẹ̀ a máa rì dé ìsàlẹ̀ pátápátá, a gbé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn lọ síbẹ̀, a sì rọra ṣàn lọ sí àríwá lábẹ́ àwọn òkun ńlá ayé. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú àlàfo kan ní gúúsù kò mọ sí gúúsù nìkan.

Láyé àtijọ́, ojú lásán ni àwọn atukọ̀ fi ń wo òkun wọ̀nyí. Ní oṣù Kìíní ọdún 1915, yìnyín Òkun Weddell há ọkọ̀ Endurance tí Ernest Shackleton jẹ́ olórí rẹ̀ mọ́. Yìnyín fún ọkọ̀ náà títí ó fi fọ́, ó sì rì ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ènìyàn 28 tí ó wà nínú rẹ̀ yè. Ibi tí ojú wọn mọ ni wọ́n mọ̀. Kò sí ẹni tí ó lè sọ fún wọn bí òkun ti rí lẹ́yìn rẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1972 ni Amẹ́ríkà rán sátẹ́láìtì Nimbus 5 sí òfuurufú. Ẹ̀rọ kan wà nínú rẹ̀ tí kò gbára lé ìmọ́lẹ̀ òòrùn. Gbogbo ohun tí ó wà láyé ni ó ń tú ìgbì kan jáde, irú èyí tí rédíò ń lò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lágbára. Ìgbì tí yìnyín òkun ń tú jáde lágbára ju ti omi lọ, bí yìnyín tilẹ̀ tutù ju omi. Nítorí náà, ẹ̀rọ náà lè fi ìyàtọ̀ sáàrin wọn nínú òkùnkùn, àti láti òkè ìkùukùu.

Ohun tí ẹ̀rọ yìí rí ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu. Nígbà òtútù ọdún 1974, 1975 àti 1976, àlàfo kan ṣí sílẹ̀ nínú Òkun Weddell tí ó fẹ̀ tó nǹkan bí 250,000 kìlómítà onígun mẹ́rin. Ó fẹ̀ ju gbogbo ilẹ̀ Gánà lọ. Ní ọdún 1981, bí Amẹ́ríkà àti Soviet tilẹ̀ ń fojú ọ̀tá wo ara wọn, àwọn onímọ̀ wọn jọ wọ ọkọ̀ Mikhail Somov láti lọ wo ibẹ̀. Wọn kò bá àlàfo náà mọ́. Ó di ọdún 2016 àti 2017 kí òmíràn tí ó tóbi tó ṣí ní àdúgbò kan náà, bí kò tilẹ̀ tó ti àkọ́kọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ẹ̀rọ tí ń léfòó nínú òkun, àti àwọn irinṣẹ́ tí a so mọ́ orí ẹran omi tí a ń pè ní síìlì, ran sátẹ́láìtì lọ́wọ́. Wọ́n fi hàn pé iyọ̀ tí ó pọ̀ lójú òkun àti ìjì líle ni ó pawọ́ pọ̀ ṣí i.

Kí ni ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí? Bí kò bá sí Nimbus 5, àlàfo tí ó tó orílẹ̀-èdè kan ìbá ṣí fún ọdún mẹ́ta, ìbá sì padé, láìsí ẹni tí ó mọ̀. Ojú tí ó rí i kò sì wà títí. Ẹ̀rọ náà dákẹ́ ní ọdún 1977. Nimbus 7 tí ó wá gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe kò gòkè títí di oṣù Kẹwàá ọdún 1978. Ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ láàrin àkókò náà, a kò lè padà lọ wò ó. Láti ìgbà náà ni àkọsílẹ̀ ti ń bá a lọ láti ọwọ́ sátẹ́láìtì kan sí òmíràn. Òun ni ó jẹ́ kí a mọ̀ pé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2012, yìnyín òkun àríwá kéré tó mílíọ̀nù 3.4 kìlómítà onígun mẹ́rin. Òun náà ni ó fi hàn pé ní ọdún 2023, yìnyín gúúsù kò tó mílíọ̀nù 17 nígbà tí ó fẹ̀ jù lọ. Irú rẹ̀ kò sí nínú àkọsílẹ̀ náà tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀rọ a máa gbó, owó tí a fi ń ṣe òmíràn a sì máa di ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn láàrin àwọn ìjọba. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti sọ ọ́: ẹni tí ó bá mọ ìṣe òkùnkùn, kí ó má dá òṣùpá lóró. Òkùnkùn ìpẹ̀kun ayé gùn púpọ̀. Kí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n má ṣe jẹ́ kí ojú tí ń ṣọ́ ọ dí.